Kànga Sàárà Bàbá Mi

Bàbá mi kọ́ ló gbẹ́ kànga náà. Ó ti lo ọdún kan gbáko nínú sàréè kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ ibẹ̀. Síbẹ̀, ní àdúgbò wa ní Ìgàndò, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí kànga màmá mi. Kànga bàbá mi ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ rẹ̀ ni màmá mi sì ní kí wọ́n fi ìṣó họ sára kọnkéré ẹnu rẹ̀ kí símẹ́ńtì tó gbẹ. Ẹni tó họ ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ó gbàgbé lẹ́tà kan. Màmá mi kò mọ̀, nítorí òun náà kò lọ sí ilé-ìwé. Èmi rí i, n kò sì sọ fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ sínú.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kan àga àti bẹ́ẹ̀dì fún ilé onílé kó tó ra ilẹ̀ tirẹ̀. Hààfù plọ́ọ̀tì ni, ìyẹn ni pé ìdajì ilẹ̀ ni a ní láti fi ṣe gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ń fi odidi ilẹ̀ ṣe. Nígbà yẹn, bí èèyàn bá ti kúrò ní Ìkòtún tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, koríko ló pọ̀ ju ilé lọ. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé àdúgbò wa rí. Lọ́wọ́ àwọn mẹ́ruwà tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri lórí ọmọlanke ni a ti ń ra omi. Ọjọ́ tí wọn kò bá wá, ife omi kan ni bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá, á sì máa ráhùn. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé bí Ọlọ́run bá ṣe é lóore, òun á gbẹ́ kànga, òun kò sì ní ta omi rẹ̀ fún ẹ̀dá kankan. Ikú kò jẹ́. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré ló mú un lọ, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní ilé-ìwé girama.

Màmá mi ló mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Àáfà tó ṣe wáàsí níbi àdúà ogójì ọjọ́ sọ pé bí ẹ̀dá bá ti kú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, àyàfi nǹkan díẹ̀ tó lè máa ṣiṣẹ́ fún un lọ. Omi tí èèyàn fi sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti mu wà lára wọn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí omi náà bá ń tu ọ̀fun kan lára, làádá rẹ̀ ń dé bá olóògbé níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ màmá mi lára. Nígbà tí ọdún náà yípo, ó ta yẹtí wúrà tí bàbá mi fi fẹ́ ẹ, ó pe àwọn agbẹ́kànga, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kan omi.

Láti ìrun àsùbáà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, géètì wa kì í tì. Kò sí owó, kò sí ìlà. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá ti pọn omi tán gbọ́dọ̀ sọ pé, “Ọlọ́run á forí jì wọ́n.” Màmá mi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa ṣa ẹ̀wà, ojú rẹ̀ á wà lára ẹ̀wà, etí rẹ̀ á wà lẹ́nu kànga. Bí ẹnìkan bá gbàgbé, á pè é padà.

“Ìwọ, wá ná. Kí lo sọ?”

“Mo ní ẹ ṣé, mà.”

“Èmi kọ́ ló ni ín. Ṣàdúà fún ẹni tó ni ín.”

Mo ti rí àgbàlagbà tó sọ garawa kalẹ̀ lórí, tó ṣe àdúà tirẹ̀ tán kó tó tún un gbé. Mo máa ń pe màmá mi ní aṣọ́bodè, inú rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Opó ni. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣe fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Garawa kọ̀ọ̀kan tó bá jáde ní géètì yẹn, lójú tirẹ̀, ó ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí bàbá mi nìyẹn, ó sì dá a lójú pé ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ló máa ń wí. Bàbá mi kò ráyè dà á, òun ló ń bá a dà á.

Lóòótọ́, omi náà ní ìwà tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní àbùkù. Bí òjò bá ti rọ̀ léraléra, á pọ́n bíi tíì, nǹkan wẹ́wẹ́ á sì máa léfòó lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn kò bà wá, nítorí gbogbo wa la mọ álọ́ọ̀mù. Òkúta funfun tó ń dán bíi ṣúgà líle ni, wọ́n ń tà á lọ́jà Ìkòtún. Màmá mi á so ó mọ́ inú aṣọ, á rì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù, á sì máa rò ó yíká bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Kó tó tó wákàtí méjì, ìdọ̀tí á ti sùn sísàlẹ̀, omi òkè á sì tòrò débi pé èèyàn ń rí ìdí dúrọ́ọ̀mù.

“Ṣé o rí i?” ni màmá mi á wí. “Kí ló tún kù?”

Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ó ku ohun kan. Ojú, imú àti ahọ́n la fi ń ṣèdájọ́ omi ní àdúgbò wa. Bó bá ti tòrò, tí kò rùn, tí kò sì ní ìtọ́wò kan lẹ́nu, omi mímu ni.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ayálégbé wa ni, obìnrin Èkìtì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ìpájà. Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é. Tíṣà kì í mu omi kànga wa láìsè é. Kẹrosíìnì wọ́n tàbí kò wọ́n, á tan sítóòfù, á gbé omi kaná, á jẹ́ kó hó dáadáa, bó bá tutù, á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń dun màmá mi wọ egungun.

“Ẹ wá wo obìnrin yìí,” ló máa ń wí. “Ó ń se omi ọkọ mi bí ẹni ń se ẹ̀wà. Kí ló fẹ́ kó rọ̀ níbẹ̀?”

Tíṣà á kúnlẹ̀, á rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ má bínú jàre. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Inú àwọn ọmọ mi ni kò lágbára.”

Ṣùgbọ́n bó bá ti fa omi tán, òun tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì pọ́nńbélé á ní kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, á sì ṣe àmín rẹ̀ sókè kí màmá mi lè gbọ́. Nítorí ìyẹn ni màmá mi fi ń gbójú fò ó.

Yàrá tí Tíṣà ń gbé gan-an ló bí wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún kejì lẹ́yìn tí a gbẹ́ kànga, màmá mi kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ilé ìgbẹ́ tirẹ̀, kó lè rí owó ilé fi rán mi níwèé. A ní láti gbẹ́ sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò tí ohun tó bá ti ilé ìgbẹ́ jáde ń ṣàn lọ. Àwọn yàrá tuntun ti gba gbogbo ẹ̀yìn ilé tán, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ilé ló kù, níbi tí kò jìnnà sí kànga.

Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò náà dáwọ́ dúró. “Màmá, ibí yìí sún mọ́ kànga o.”

“Ṣé wọ́n fẹnu ko ara wọn ni?” màmá mi dá a lóhùn. “Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, kẹ́ ẹ fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ.”

Ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Bí gbogbo ilé ṣe rí ní òpópónà wa nìyẹn, hààfù plọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ hààfù plọ́ọ̀tì, kànga ẹnìkan lẹ́yìn ògiri sọ́kàwéè ẹnìkejì. Nígbà tó yá, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ló wà láàárín kòtò tiwa àti kànga bàbá mi. Ti aládùúgbò wa tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì kò ju mẹ́sàn-án lọ.

Mo lọ sí póli, mo kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò inú laabù. Nígbà tó kan kí n lọ kọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́, ilé ìwòsàn kékeré kan ní apá Ẹ̀gbẹ́dá ló gbà mí. Ọ̀gá wa níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ mú, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ àwa mẹ́ta tí a wà lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ omi wò, ló bá ní kí olúkúlùkù gbé omi wá láti ilé rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbé tèmi lọ. Mo ti rò ó pé n ó gba ìwé èsì náà wá fún màmá mi, kó lè fi han Tíṣà.

A da omi sínú àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí oògùn aláwọ̀ àlùkò wà nínú wọn, a sì kó wọn sínú ẹ̀rọ kan tó ń móoru bí ara èèyàn. Bí àwọ̀ àlùkò náà kò bá yí padà, omi dára. Bó bá di yẹ́lò, tí afẹ́fẹ́ sì kóra jọ sínú rẹ̀, a jẹ́ pé ohun tó ti inú ìgbẹ́ wá ti wọ omi náà. Ti àwọn ẹgbẹ́ mi, díẹ̀ yí padà, díẹ̀ kò yí. Tèmi di yẹ́lò látòkè délẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó pé, gbogbo ìgò, kò ku ẹyọ kan.

Ọ̀gá wa gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. “Ta ló ni eléyìí? Níbo lo ti pọn ọ́n, inú ṣáláńgá?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. “Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ni, mà.”

“Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, onígbáméjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.”

“Wọ́n máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i, mà.”

“Ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń mú sùn,” ló wí. “Kòkòrò kì í bá a sùn.”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lu òǹtẹ̀, ó nà án sí mi. Mo ká a sínú báàgì mi bí ẹni tó jalè.

Ọjọ́ méjìlá ló kù kí a ṣe àdúà ọdún bàbá mi. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí àwọn àáfà bá ti ké Kùránì tán, màmá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń fa omi kún dúrọ́ọ̀mù, ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ mu nínú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Kò sí míńírà, kò sí omi inú ọ̀rá. Ọjọ́ tí mo gbé ìwé náà délé, mo bá màmá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí sílẹ̀ de ọjọ́ náà.

“O káàbọ̀,” ló wí. “Mo lálàá bàbá ẹ lánàá. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń mu omi. Ojú rẹ̀ ń dán! Ó ní kí n kú iṣẹ́.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ rẹ̀. Kí ni ǹ bá sọ? Pé ìgbẹ́ wà nínú ohun tí ó rí tí bàbá mi ń mu? Mo wọlé, mo fi ìwé náà sáàárín ìwé mìíràn. Mo sọ fún ara mi pé bí àdúà bá ti parí, n ó sọ. Mo ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti ń mu ún, kò pa wá, ọjọ́ méjìlá kò ní pa wá. Bí ojo ṣe máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn, ohùn rẹ̀ sì máa ń dà bí ohùn ọlọ́gbọ́n.

Ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ n jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo ra kulorínì, ẹ̀tù funfun tó ń pa kòkòrò inú omi. Mo fura pé ìwọ̀n wà fún un, ṣùgbọ́n n kò lè bi ọ̀gá mi léèrè, nítorí mo ti ní ilé ọ̀rẹ́ mi ni. Bí màmá mi ṣe ń kírun àsùbáà lọ́wọ́, mo da gbogbo rẹ̀ sínú kànga. Ó pọ̀ jù. Kí oòrùn tó yọ, gbogbo àgbàlá ti ń rùn gidigidi, ẹni tó kọ́kọ́ fa omi sì figbe ta.

“Wọ́n ti da nǹkan sí kànga ọkọ mi!” Màmá mi ká ọwọ́ lé orí. Àwọn ará àdúgbò pé jọ. Ìgbà náà ni Tíṣà yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń lọ sí ilé-ìwé, ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí i.

“Ìwọ nìkan lo kórìíra omi yìí nínú ilé yìí,” màmá mi wí. “Kí ni ọkọ mi ṣe fún ẹ?”

Tíṣà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi Bíbélì búra, ó sunkún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọ̀rá kulorínì náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbọ́n kànga náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, títí tó fi kan yẹ̀pẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, omi tuntun ti sun, láti inú ilẹ̀ kan náà, láti ẹ̀gbẹ́ kòtò kan náà. Màmá mi bu u sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní a dúpẹ́, ó ti dára. Láti ọjọ́ náà, kò kí Tíṣà mọ́.

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ dé ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àdúà ku ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn ṣaláìsí. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè wá sí àdúà ọdún kankan rí, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fojú rí kànga náà. Kò tilẹ̀ wọlé. Ó lọ tààrà síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra kọnkéré, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ. Mo kà á fún un pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n gbàgbé. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá mi fa omi, ó bu u sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀.

“Màmá,” mo wí, “ẹ jẹ́ n sáré ra omi inú ọ̀rá fún yín, èyí tó tutù.”

Ó wò mí títí. “Ọ̀rá? Ṣé ọ̀rá ni mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá mu? Omi àbúrò mi rèé, o ní kí n mu ọ̀rá?”

“Ẹ má dá a lóhùn, mà,” màmá mi wí. “Ìwé ló ń dà á láàmú.”

Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sí ibi tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ife sókè, ó ní, “Ọlọ́run, bí mo ṣe mu yìí, fún òun náà mu.” Ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn. Ó ṣe àdúà, ó mu ún. Ó tún gba ẹ̀kẹta. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Àdúà náà kún. Wọ́n ké Kùránì, wọ́n mu omi, wọ́n jẹun, wọ́n bá bàbá mi tọrọ àlùjánná, wọ́n sì túká. Ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé, Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè dìde kírun. Ó ń yàgbẹ́ bí omi ìrẹsì, ojú rẹ̀ sì ti wọnú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó rọjú díẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sílé, kò sí ohun tí a sọ tó gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá gbé e lọ. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n fi pè wá pé ó ti kú.

Gbogbo èèyàn ní àgbà ló mú un lọ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìrìn náà sì jìn. Àwọn mìíràn tó wá síbi àdúà náà ṣu títí, wọ́n ní ẹran ọjọ́ náà ló ti fẹ́ bàjẹ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ omi. Títí di òní, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi ló pa á. N kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kọ́.

Nígbà tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lẹ́yìn fìdáù rẹ̀, mo mú ìwé náà jáde. Màmá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo àwọn tó ń pọn omi. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

“Omi wa ni, mà. Mo gbé e lọ sí laabù. Wọ́n ní ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, pé ó ń ti inú àwọn kòtò yẹn wọ ibẹ̀. Wọ́n ní álọ́ọ̀mù kò lè yọ ọ́.”

Ó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí mo ti ń bẹ̀rù. “Ìgbà wo ni wọ́n fún ẹ níwèé yìí?”

Kò lè kà á. Ọjọ́ yòówù tí mo bá dá, òun náà ló máa gbà. Irọ́ sì ti mọ́ mi lẹ́nu nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

“Ó ku ọjọ́ méjìlá kí a ṣe àdúà, mà,” mo wí. “Èmi náà ni mo da kulorínì sínú kànga. Tíṣà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Kò pariwo. Kò gbá mi létí, bẹ́ẹ̀ ǹ bá fẹ́ kó gbá mi. Ó dìde, ó sọ fún àwọn tó wà nídìí kànga pé kí wọ́n da omi ọwọ́ wọn nù kí wọ́n máa lọ. Ó ti géètì ní ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó kan ilẹ̀kùn Tíṣà, bí ìyẹn sì ṣe ṣí i, màmá mi fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún un. Tíṣà figbe ta, òun náà kúnlẹ̀, ó dì í mú. “Màmá, ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.” Àwọn méjèèjì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún. Èmi ló yẹ kó wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Mo padà lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ tèmi, Tíṣà sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó kó kúrò kí oṣù náà tó parí.

Ní ọjọ́ kejì, màmá mi ránṣẹ́ pe Àáfà. Ó ní òun ní ìbéèrè kan. Bí làádá omi bá ń dé bá òkú, bí omi náà bá wá ṣe èèyàn níbi, ṣé ìyẹn náà máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Àáfà mí kanlẹ̀. Ó ní rárá, pé ohun tí èèyàn ní lọ́kàn ni Ọlọ́run fi ń ṣírò iṣẹ́. Ó ní bàbá mi kò mọ̀, màmá mi náà kò mọ̀, ẹni tí kò mọ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

“Ẹni tó mọ̀ ńkọ́?” màmá mi bi í.

“Ta ló mọ̀?”

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. “Ẹnìkan ni,” ló wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n da kọnkéré bo kànga náà lójú. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, màmá mi máa ń ra omi inú ọ̀rá, á rọ ọ́ sínú báàfù, á sì máa pín in fún àwọn tó ń lọ kírun. Nígbà tó bá ń ṣe àdúà lé e lórí, orúkọ méjì ló máa ń dá báyìí, ti ọkọ rẹ̀ àti ti Màmá Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá ní kí n bá a pín in, á ní kí n fi sílẹ̀, pé òun fẹ́ fúnra òun ṣe é.

Ó ti pẹ́. Mo ti di ìyàwó ilé, mo ti bímọ, ọ̀dọ̀ mi ni màmá mi sì ń gbé nísinsìnyí. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń yìn ín. Èmi ni mò ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi ni mò ń dì í lórí, ó sì ń ṣàdúà fún mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á dìde fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó, á lọ bu omi. Bí àwọn ọmọ mi bá gbé e wá, á gbà á, á mu ún. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e wá, á ní kí n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, mo fi ẹkún bi í pé ṣé kò tíì dárí jì mí ni. Ó fà mí mọ́ra, ó nu ojú mi.

“Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́,” ló wí. “Ọ̀fun mi ni kò gbà á.”